Ẹyin ló ń ṣáájú nǹkan oṣù

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, mi ò sì tíì rí nǹkan oṣù mi. Báwo ni oyún ṣe máa wà níbẹ̀?"

Obìnrin tó bi mí léèrè yìí pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ohun tó gbé e wá sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ náà ni pé ó ń rẹ̀ ẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, ọmú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sẹ̀ mọ́. Ó pè é ní ibà, ó tilẹ̀ ti ra oògùn ibà lò. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ilé ọmọ ti gòkè dé ìdajì ọ̀nà sí ìdodo. Oyún oṣù mẹ́rin. Ó bú sẹ́kún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ọmú bá wà lẹ́nu ọmọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì yọjú, kò séwu.

Mi ò bá ìyá ọkọ yẹn wí. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló sọ, láti Ìjerò dé Adó-Èkìtì ni mo sì ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde nínú obìnrin. Bí kò bá pàdé àtọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kó tó ṣọ́ra, ẹyin ti kọjá lára rẹ̀ kó tó mọ̀. Bí ẹyin àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ bá sì bá àtọ̀ pàdé, oyún dé nìyẹn, láì rí ẹ̀jẹ̀ rárá láàárín ọmọ méjèèjì.

Ọmú ń dá ẹyin dúró lóòótọ́, n kò sẹ́ ẹ. Bí ọmọ bá ń fà á lemọ́lemọ́, ọpọlọ ìyá kì í jẹ́ kí ẹyin jáde. Àmọ́ ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán-tòru, ìyá kò sì tíì rí nǹkan oṣù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, obìnrin tó máa lóyún kò tó 2 nínú 100. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e mọ́. Nínú wa, ta ni ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú nìkan? Omi ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ kẹta, àgbo tẹ̀ lé e, ògì dé kó tó pé oṣù mẹ́rin.

Wọ́n á ní, "Àwọn ìyá wa ńkọ́? Wọn ò gba abẹ́rẹ́ kankan, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló wà láàárín ọmọ wọn." Ẹ wo ibi tí wọ́n ń sùn. Abiyamọ ìgbà yẹn kì í bá ọkọ sùn títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ní 1977, John àti Pat Caldwell tẹ ìwádìí jáde lórí àṣà yìí láàárín àwa Yorùbá gan-an. Àwọn àgbà ní àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Kì í bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn fún ara obìnrin nísinmi. Àwa ti pa ẹní tiwa pọ̀ mọ́ ti ọkọ, a wá ń retí kí ọmú nìkan ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí ẹní ọ̀tọ̀ ń ṣe. Èyí ló ń dùn mí jù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Bí oyún bá bàjẹ́, oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Oyún àti ọmú ti fa ẹ̀jẹ̀ àti èròjà ara ìyá. Bí òmíràn bá já lé e kíákíá, ewu pọ̀ pé kí ọmọ wá láìtọ́jọ́, kó sì kéré. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ojú abẹ náà lè ya nígbà ìrọbí. Ọmọ tí ìyá ṣì ń pọ̀n náà ń jìyà. Dókítà Cicely Williams ló gbé orúkọ kwashiorkor jáde ní 1935, láti inú èdè Gã ní Ghana: àìsàn ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú, tí wọ́n wá ń fi oúnjẹ àgbàdo lásán bọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń fètò sọ́mọ bíbí. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta wà, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá wà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ náà wà. Kò sí èyí tó ń gbẹ omi ọmú nínú wọn. Oògùn oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí èròjà méjì wà nínú rẹ̀ ni kí abiyamọ má tíì lò títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó wá.