Ilé Igánmú Ti Dára, Ta Ni Yóò Máa Kọrin Níbẹ̀?

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni wọ́n tún ṣí ilé ìṣeré ńlá tó wà ní Igánmú, l'Ékòó. Gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ló mọ ìtàn ilé yẹn. Nítorí FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ayé sì wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni àìtọ́jú sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń wò láti orí afárá tí ojú ń tì í. Nígbà tó yá ni àwọn báńkì dáwó jọ, wọ́n tún un ṣe, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì ń jẹ́ báyìí. Inú wa dùn sí i, a sì kí gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé kì í dá gbé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi gbọ̀ngàn yẹn yá àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó lónìí, tí wọ́n fi yá àwọn oníwàásù lọ́la, kò ní pẹ́ tí a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èrò wa nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé kí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá ọ̀kẹ́sítírà orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń fi fayólìn, fèrè àti ìlù ṣeré pọ̀ lábẹ́ olùdarí kan, kó fi Igánmú ṣe ilé rẹ̀, kó máa sanwó oṣù fún àwọn tó wà nínú rẹ̀, kó sì yan olùdarí tí yóò pẹ́ lórí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe àlá tí a kàn lá. Àwọn aládùúgbò wa ti ṣe é kó tó di pé a gba òmìnira.

Ní 1959, Ghana kò tíì lo ọdún mẹ́ta lórí òmìnira tirẹ̀ nígbà tí Kwame Nkrumah dá ọ̀kẹ́sítírà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó fi ṣe olórí rẹ̀ ni Philip Gbeho, olùkọ́ orin tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Achimota, òun náà ló kọ ohùn orin orílẹ̀-èdè Ghana. Ẹgbẹ́ yẹn wà títí di òní. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìṣeré orílẹ̀-èdè wọn l'Ákrà ní 1992, inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà wọ̀, òun àti àwọn oníjó àti àwọn eléré orí ìtàgé, àwọn mẹ́ta yìí ni onílé. A ò sọ pé gbogbo ọ̀nà wọn dán. Ẹgbẹ́ náà ti rí ìyà àìtówó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà, orúkọ wà, àga wà, ọmọ tó bá sì kọ́ fayólìn ní Ghana mọ ibi tí òun lè lọ kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ tiwa ńkọ́?

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn tó ti Fẹlá Ṣówándé, onídùùrù tó ń kọ orin sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́sítírà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí ní 1905, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó fẹ́ràn orin ni bàbá rẹ̀. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ti Máríínà l'Ékòó lábẹ́ T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tó jókòó sídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti 1914 títí di 1962. Ní 1934, Ṣówándé kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá àwọn oníjáàsì ṣeré, òun àti Fats Waller jọ tẹ píánò pọ̀, ó sì padà sídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di 1943, ó ti di ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn onídùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sí ipò tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ African Suite, orin fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Apá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ń jẹ́ Akinla, ìró háílàìfù ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Kánádà mọ orin yìí bí ẹni mọ agogo ilé wọn, torí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni rédíò CBC fi ń ṣí ètò kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo bó ti rí: ará Toronto ń fi orin ọmọ Ọ̀yọ́ mu tíì, ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí.

Ní 1953, Ṣówándé padà wálé. Iṣẹ́ rédíò ni wọ́n fún un, ó di olórí ẹ̀ka orin nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó ṣe é dáadáa. Ó ń lọ bá àwọn àgbà, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ó ń gbé orin àti ìtàn ìbílẹ̀ jáde lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ ní 1960, ó kọ Folk Symphony, ẹ̀bùn rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tuntun. Orin tí wọ́n kọ fún ọ̀kẹ́sítírà odindi ni. Orílẹ̀-èdè tó kọ ọ́ fún kò sì ní ọ̀kẹ́sítírà tirẹ̀ tí yóò máa fi ṣeré lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, ó kọrí sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní yunifásítì. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló kú sí ní 1987.

Kì í ṣe òun nìkan. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, ọdún kan náà, 1935, ni wọ́n bí wọn. Bánkọ́lé kú ní 1976, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì péré. Euba kọ ìwé ńlá lórí ìlù dùndún, ó kọ orin fún ọ̀kẹ́sítírà, Amẹ́ríkà náà ló ti parí iṣẹ́ ayé rẹ̀ ní 2020. Ẹ fi Sam Akpabot àti Adam Fiberesima kún un. Gbogbo wọn kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé. Ta ló ní ìwé náà lọ́wọ́ báyìí? Òmíràn wà nínú àpótí mọ̀lẹ́bí, òmíràn wà ní yàrá ìkàwé yunifásítì òkèèrè.

Ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ìwé ìròyìn yìí lọ jókòó ti ẹgbẹ́ olórin kan nígbà tí wọ́n ń gbáradì ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ékòó. Àwọn bí ọgbọ̀n ni wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú fi súpágúlúù lẹ ẹ̀yìn fayólìn rẹ̀, torí pé ooru ti jẹ́ kí gúlúù ilé iṣẹ́ yọ. Kò sí ẹni tó ń fọn oboe, irú fèrè kan, nítorí náà kíbọọ̀dù ni wọ́n fi ń gba ohùn rẹ̀. Olùdarí gbé ọ̀pá sókè, àwọn olókùn bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn onífèrè wọlé, ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún inú ilé bọ̀ ni iná lọ. Kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, wọ́n gbé e lé orí ìwé orin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Lẹ́yìn náà la bi ọmọkùnrin tó ń ta sẹ́lò, irú fayólìn ńlá kan, pé kí ló ń jẹ. Ó ní òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, òun sì ń kọ́ ọmọ méjì nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ohun èlò yẹn.

Ẹni bẹ́ẹ̀ kò béèrè ìtọrẹ àánú. Iṣẹ́ ló ní, ẹni tí yóò gbà á sí i ni kò rí.

A gbọ́dọ̀ yin àwọn tó ti ń gbé ẹrù yìí láti ọjọ́ yìí. Ní 1983, Akíntọ́lá Williams àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ MUSON (Musical Society of Nigeria) sílẹ̀. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí Oníkàn, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀, ọ̀kẹ́sítírà sì ti ibẹ̀ jáde. Ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àwọn gbọ̀ngàn ibẹ̀: Shell Hall, Agip Recital Hall. Ilé iṣẹ́ epo ló gbé wọn dìde, ilé iṣẹ́ fóònù ló sì ń san owó ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń gba dípúlómà níbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa wá fẹ́ kí àwọn elépo máa bá òun tọ́jú àṣà orílẹ̀-èdè lọ ni?

Àwọn kan yóò ní kí ni a fẹ́ fi orin òyìnbó ṣe nígbà tí oògùn kò sí nílé ìwòsàn. A kò ní fojú di ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, torí pé a mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ìjọba Nàìjíríà ti ń sanwó fún olórin tipẹ́. Ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́ afọnfèrè, sójà ní, ojú omi ní. Orin orílẹ̀-èdè tí a fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kọ, láti 1978 títí di 2024, Benedict Odiase tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ afọnfèrè ọlọ́pàá ló ṣe ohùn rẹ̀. Owó oṣù ìjọba ló ń jẹ nígbà tó ṣe é. Ohun tí owó oṣù lè bí nìyẹn. (Nígbà tí wọ́n pa orin Odiase tì ní 2024, ohun tí wọ́n gbé padà ni orin tí obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kọ. Ó dùn wá, a ò ní purọ́.)

Bákan náà, ta ló sọ pé orin òyìnbó ni? Ọba Yorùbá wo ló wà láìní onílù láàfin? Kò sí ọba tó ń ní kí onílù rẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lóde ìnáwó kó tó wá lu ìlù jí òun láàárọ̀. Ìdílé Àyàn ń jẹ, wọ́n ń mu, ọmọ wọn ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń darí, gúdúgúdú kò ní kúrò lójú kan, kẹ́rìkẹ́rì àti ìsáájú mọ àyè wọn. Ọ̀kẹ́sítírà rèé, olùdarí rèé. Ohun tí Euba àti Ṣówándé lo ayé wọn lé lórí ni bí ìlù yẹn àti fayólìn yóò ṣe jókòó sínú ilé kan náà tí èyíkéyìí kò ní bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́sítírà tí a ń béèrè fún gbọ́dọ̀ ní àga fún onídùndún, fún onígòjé, fún afunkàkàkí, pẹ̀lú owó oṣù kan náà tí ẹni tó ń ta sẹ́lò ń gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ olùdarí, ẹni tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní kọndọ́tọ̀. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà wá jù. Ẹ jẹ́ ká wo National Symphony Orchestra ti Washington. Kì í ṣe ìjọba Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, Hans Kindler, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tó ń ta sẹ́lò, ló dá a sílẹ̀ ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dojú dé, tí àwọn èèyàn ń tò fún búrẹ́dì. Ó darí rẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún. Howard Mitchell tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1949, inú ẹgbẹ́ náà ló ti ń ta sẹ́lò tẹ́lẹ̀, ogún ọdún ló fi ṣe é. Nígbà tó di 1977, ó kan Mstislav Rostropovich, ẹni tí ìjọba Soviet gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1994. Ààrẹ mẹ́rin jẹ lójú rẹ̀. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, ọ̀pá ìdarí wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbọ́ ara wọn yé nìyẹn. Olùdarí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń fọn fèrè kejì máa ń yára bí àyà rẹ̀ bá ń já, kó sì ti tẹjú mọ́ ọn kó tó débẹ̀. Ọdún kan kò tó kọ́ ìyẹn. Bí a bá wá fi yíyan olùdarí sọ́wọ́ mínísítà, tí mínísítà tuntun ń mú ọmọ ìlú rẹ̀ wá, ẹgbẹ́ yóò ti kú kó tó kọrin kan parí. Nítorí náà, kí òfin náà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, kí àwọn olórin fúnra wọn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń darí ní gbangba, kí ẹni tí wọ́n bá mú lo ó kéré tán ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Nàìjíríà ni kó jẹ́. A ní wọn, nílé àti lẹ́yìn odi.

Kí wọ́n sì gba ẹni tí yóò máa wá àwọn ìwé orin káàkiri, tí yóò máa tẹ̀ wọ́n, tí yóò máa pín wọn fún àwọn olórin. Èyí ni kó ṣáájú ohun gbogbo, torí pé àwọn àgbà tó mọ ibi tí ìwé wà ń dàgbà sí i.

A kò béèrè fún ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n fi ogójì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n pe ọmọbìnrin olófayólìn yẹn, kí wọ́n wá ẹni tó ń fọn oboe, kí wọ́n kó wọn wọ Igánmú. Lọ́jọ́ òmìnira tó ń bọ̀, kí wọ́n tẹ Folk Symphony síwájú wọn, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún aráàlú láìgba kọ́bọ̀.