Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, modem ni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ẹkún fẹ́ gbà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra modem. Iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lónìí wà lórí laptop mi, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀." Mo bi í pé kí ló fi ń pè mí. Ó ní fóònù òun ni. Mo tún bi í bóyá dátà wà lórí fóònù náà. Ó ní ó wà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wo fídíò tán ni. Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ fi modem ṣe? Modem lo gbé sétí yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Èèyàn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti pa iṣẹ́ tì lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n gbà pé laptop ò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì àfi tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n ra sím mìíràn sí i, kí wọ́n tún ra dátà mìíràn sórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò wọn ló wà. Tẹ́ ẹ bá ń fi laptop ka íméèlì, tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé, tẹ́ ẹ fi ń kún fọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ fi ń ṣe ìwádìí, fóònù yín tó o, ó tó gan-an ni. Ohun kejì tí mo dúró lé lórí ni pé okùn ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi so wọ́n pọ̀ nígbàkígbà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ fi hotspot, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù fúnra rẹ̀ ń fọ́n, sílẹ̀ fún ìgbà tí okùn ò bá sí nítòsí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí modem jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ohun tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá, ì báà jẹ́ wáyà tàbí afẹ́fẹ́, kó sì tún sọ èyí tó ń bọ̀ wálé di ohun tó yé kọ̀ǹpútà. Fóònù ò ṣe ohun mìíràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Modem kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ laptop yẹn, fóònù tí ò lójú tí ò lẹ́nu ni. Sím wà nínú rẹ̀, ohun tó ń bá òpó nẹ́tíwọọ̀kì sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ó parí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà á rántí ayé GPRS, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ayé àtijọ́, nígbà tá a máa ń so fóònù oníbọ́tìnì mọ́ kọ̀ǹpútà, tá a ó ní kí kọ̀ǹpútà pe *99#, tá a ó wá káwọ́ lérán máa wò ó. Modem orí wáyà tẹlifóònù ayé ọjọ́un, 56 kilobit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ, GPRS gan-an kì í sábà tó o. Síbẹ̀ a fi ka íméèlì, a fi ṣiṣẹ́ jẹun. Lọ́dún 2010 ni Android 2.2 kó USB tethering (kí fóònù máa fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì lórí okùn) àti hotspot wọnú fóònù, ọ̀rọ̀ pé à ń pe nọ́ńbà kankan sì dópin. Láti ìgbà yẹn ni modem ti wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ mú okùn ṣájà yín, ẹ fi so fóònù mọ́ laptop. Ẹ ṣí Settings lórí fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Hotspot & tethering" sí, ẹ tan "USB tethering". Ó tán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, laptop yóò máa rí fóònù yẹn bí ẹni pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gidi ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Kò béèrè páswọ́ọ̀dù, kò béèrè nǹkan kan. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ní, "Personal Hotspot" ni wọ́n pè é níbẹ̀, tí laptop bá sì jẹ́ oní-Windows, ó ní láti ní software Apple lórí kó tó dá fóònù náà mọ̀ lórí okùn. Ọ̀pọ̀ fóònù Android àti Mac kì í gbọ́ra wọn yé lórí okùn, Wi-Fi ni kẹ́ ẹ lò bọ́rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àbúrò mi ti kọsẹ̀ rèé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa dà. Ó so okùn, bátìrì fóònù ń kún, ṣùgbọ́n bọ́tìnì "USB tethering" ràn mọ́lẹ̀ bí òkú, ó ṣú bí eérú, kò ṣeé tẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù tèmi ò ní in." Ó ní in. Okùn ló lẹ́jọ́. Àwọn okùn kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá ò sí nínú wọn rárá, ojú lásán ò sì lè mọ ìyàtọ̀. Mo ní kó lọ wá okùn tó bá fóònù rẹ̀ wá látinú páálí. Bó ṣe kì í bọ̀ ọ́ báyìí, bọ́tìnì náà là, ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ lórí fóònù.

Kí ló dé tí mo fi yan okùn? Hotspot ń ran fóònù níṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa gba tọwọ́ òpó, kó tún máa fọ́n Wi-Fi káàkiri. Bátìrì á máa sáré lọ sílẹ̀, fóònù á máa gbóná, ooru sì wà lára ohun tó ń tètè sọ bátìrì lithium di ògbó. Lórí okùn, laptop á máa fún fóònù níná bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. (Tí laptop fúnra rẹ̀ ò bá sí lórí iná, ẹ rántí pé bátìrì tirẹ̀ ni fóònù ń jẹ.) Kò sí ará ilé tó máa yọ́ wọlé sórí rẹ̀. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, Wi-Fi ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jà lórí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz, àmọ́ ìyẹn ò kan ẹni tó wà lórí okùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù wá nìyí: okùn tó gùn bíi mítà méjì á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé fóònù sójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dáa, kẹ́ ẹ̀yin jókòó sídìí tábìlì yín. Modem kékeré tí wọ́n kì bọ ẹ̀gbẹ́ laptop ò lè ṣe ìyẹn fún yín láìjẹ́ pé ẹ fi okùn kún un.

Bluetooth náà lè ṣe é. Ó ń fà díẹ̀, ṣùgbọ́n fún íméèlì tí kò ní àwòrán, kò burú.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kù, òun ló sì ń mú káwọn èèyàn sá fún nǹkan yìí. Wọ́n á ní, "Mo tan hotspot fún wákàtí kan, gbogbo dátà mi lọ." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ra dátà kí n lè parí iṣẹ́ tí wọn ó gbà lọ́wọ́ mi lówùúrọ̀, kí n tó kọ ojú ìwé méjì, dátà ti tán. Mo bínú sí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì, mo gbé wọn ṣépè. Nígbà tí mo wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kọ̀ǹpútà mi ló jẹ ẹ́. Bó ṣe rí Wi-Fi báyìí, ó rò pé a ti délé, ó ń fa àtúnṣe tuntun sórí ara rẹ̀, ó sì ń kó fọ́tò mi lọ síbi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì (cloud). Fóònù mọ̀ pé dátà lówó lórí, ó máa ń dúró de Wi-Fi kó tó ṣe irú ìyẹn. Laptop ò mọ̀, àfi kẹ́ ẹ sọ fún un.

Ẹ sọ fún un, mo bẹ̀ yín. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ "Network & internet", ẹ ṣí ìsopọ̀ tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ tan "Metered connection", ìyẹn ni pé dátà ibẹ̀ lówó lórí. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe á dúró, OneDrive, tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á fọwọ́ wọ́nú. Lórí Mac, "Low Data Mode" ni kẹ́ ẹ wá nínú Wi-Fi. Ẹ tún ti àwọn ojú ìwé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ láti àná. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: íméèlì kan tí kò ju 50 KB lọ, ẹgbàárùn-ún lọ́nà méjì irú rẹ̀, ìyẹn 20,000, ló máa wọ inú 1 GB. Fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ nǹkan bíi 3 GB ní wákàtí kan ṣoṣo. Íméèlì ò pa yín lára, fíìmù ni.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó níbi tágbára rẹ̀ mọ. Tí ìpè bá wọlé lórí fóònù tó ṣì ń sọ̀kalẹ̀ sí 2G, nẹ́tíwọọ̀kì àtijọ́, láti gbé e, íntánẹ́ẹ̀tì laptop á dá dúró títí ìpè yóò fi parí. Fóònù tó ní VoLTE, ìyẹn èyí tó ń gbé ìpè lórí 4G, ò ní wàhálà yẹn. Ìpàdé orí fídíò láràárọ̀, tàbí ilé tí èèyàn márùn-ún ti ń lò ó papọ̀, ẹ lọ ra ẹ̀rọ tó yẹ fún un. Tó bá sì jẹ́ pé hotspot lẹ máa tan, ẹ fi páswọ́ọ̀dù gidi sí i. Orúkọ yín tàbí nọ́ńbà fóònù yín kọ́ ni páswọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ àbúrò mi ò ju 4 MB lọ. Ó so ó mọ́ íméèlì, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pè mí pa dà: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ní àwọn rí i gbà. Ṣé kí n yọ okùn náà báyìí?" Mo ní kó fi í síbẹ̀, kí bátìrì fóònù rẹ̀ kún.