Ẹ Gba Fítà Yín, Ẹ Dá Tọ́bò Wa Padà

Wọ́n tún ti pe àbúrò mi o! Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta pátì ní Kàbà ló pè é lánàá, ó ní fítà adínpo-kù mìíràn ti dé, pé èyí máa ń ṣọ́ dísù jẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin ará Òkun, ṣé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ọkọ̀ iṣu wa wà jẹ́jẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Páìpù tó bá a wáyé ń fa atẹ́gùn tútù láti òkè lẹ́yìn kábíìnì, fítà tó ń sẹ́ eruku wà nínú àpótí tó ní ìdérí, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́jà yìí fi fídíò òyìnbó han àbúrò mi, ọkọ̀ ń ké, èéfín ń tú, ọmọ náà ka owó táyà sílẹ̀, kò bi mí léèrè. Wọ́n yọ àpótí dànù, wọ́n de fítà ṣóńṣó kan mọ́ páìpù lábẹ́ kábíìnì, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì gan-an ti ń hó. Atẹ́gùn gbígbóná ló wá ń mu!

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó ń súfèé gòkè, ó ń súfèé sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyàmoyè. Dísù ńkọ́? Iye tó ń mu dé Èkó tẹ́lẹ̀ náà ni, àfi tí àbúrò mi bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbọ́ fèrè rẹ̀ dáadáa, ìgbà yẹn ló ń lé sí i. Dísù sì ti wọ́n gan-an, ká má tíì sọ ti ilé epo tí mítà wọn ń sáré ju epo lọ.

Kí ló fẹ́ dín kù ná? Ọkọ̀ pẹtiróòlù kọ́ nìyí. Ní ti dísù, ẹsẹ̀ téèyàn bá tẹ̀, epo ló ń bù. Kò sí ìlẹ̀kùn tó ń dí atẹ́gùn bíi ti pẹtiróòlù, tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, sì ń tì í wọlé ju èyí tí epo nílò lọ. Ẹni tó ti yó lẹ ń bu oúnjẹ kún oúnjẹ fún. Ní Amẹ́ríkà tí fídíò yẹn ti wá, àjọ EPA wọn tó ń rí sí àyíká ti wo ẹ̀rọ adínpo-kù tó lé ní 100, díẹ̀ báyìí ló wúlò nínú wọn.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ eruku ọ̀nà oko Ìsánlú. Mẹkáníìkì tú páìpù, ó ti ìka bọ̀ ọ́: eruku pupa! Ẹ̀yìn fítà o, kì í ṣe iwájú. Ó ti jẹ etí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Mo gbé e lọ bá ọlọ́jà.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró tẹ́ ẹ fi pa fítà yẹn kó lè mú eruku ló kéré."

Ó tún ní dísù wa ló lómi. Ó ní dẹ́rẹ́bà ni. Ó ku kó ní iṣu ló wúwo jù!

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ pé dáadáa, eré ìwọ̀nba, ẹrù tí kò kọjá agbára, ìyẹn ló ń dín dísù kù. Ṣùgbọ́n eré ìwọ̀nba wo lórí kòtò? Ẹ fi jíà kejì wọ́ ọ jáde tán, igi ti dábùú ọ̀nà. Ẹ dúró. Ẹ "kí àwọn ọ̀gá." Ẹ gbéra. Ẹ tún dúró. Ibẹ̀ ni dísù ń lọ! Fítà wo ló fẹ́ sẹ́ ìyẹn?

Kí ìjọba ṣòfin kan ṣoṣo: ẹni tó bá ta fítà adínpo-kù, òun ni kó máa ra dísù ọkọ̀ náà títí ọkọ̀ yóò fi kú. Kó sì máa wá bá wa tì í ní òkè Òmùò.