Nọ́ńbà ara èso: 8 kọ́ ni ẹ máa wá

Ìròyìn kan tí ẹ gbé jáde ní èso tí nọ́ńbà ara sítíkà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 ni wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Wọ́n ya 8 sọ́tọ̀ fún irú èso bẹ́ẹ̀ nígbà kan lóòótọ́, àmọ́ wọn ò lò ó nínú ọjà rí.

Ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ni nọ́ńbà ara sítíkà yìí, tí wọ́n ń pè ní PLU, wà fún, kó lè mọ irú èso àti iye owó rẹ̀. 4011 ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Tí 9 bá ṣáájú rẹ̀, tó di 94011, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ́gáníìkì nìyẹn, ìyẹn èyí tí wọn ò fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà gbìn. Ìyẹn náà ò ní kí ẹ má fọ̀ ọ́ o, torí àwọn oògùn kòkòrò kan wà tí wọ́n gba àgbẹ̀ ọ́gáníìkì láyè láti lò.

Ápù Red Delicious kékeré ń jẹ́ 4015, ńlá ń jẹ́ 4016. Ìwọ̀n ló yàtọ̀, kì í ṣe oko. Nọ́ńbà náà ò sì sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Lẹ́tà wínníwínní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ ṣí sítíkà kúrò kí ẹ tó fọ èso, kí omi lè kan abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ sítíkà náà sórí ààtàn ajílẹ̀. Ọ̀rá ni púpọ̀ nínú wọn, kì í jẹrà.