Gbogbo èèyàn ló gbowó níbi ìfilọ́lẹ̀ àwo yẹn, àfi èmi tí mo kọ orin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ orin fún olórin bíi tèmi, ẹ bá mi dá sí i o, nítorí inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí fóònù yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fídíò orin kan tán lórí YouTube ni. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sí. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe bíìtì. Wọ́n kọ ti onígìtá, ti onígángan, ti àwọn elégbè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kun Mọ́mì lójú, ìyẹn olórin ẹ̀mí tó ni àwo náà. Ẹni tó wé gèlè, wọ́n kọ orúkọ tiẹ̀, wọ́n tún kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì í, pé kí ẹni tó bá ní ìnáwó pè é. Èmi tí mo kọ orin láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, lílé àti ègbè, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Gèlè ní ẹni tó wé e, orin ò ní ẹni tó kọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Mánéjà Mọ́mì ló pè mí. Ó ní Mọ́mì fẹ́ ṣe àwo tuntun, pé àwọn gbọ́ pé èmi ni mo kọ orin fún lágbájá, Mọ́mì sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn o. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló máa ń mọ ẹni tó kọ orin. Ìgbà tí owó bá dé ni wọn kì í mọ̀ ọ́n mọ́. A ná an. Mo pe 120,000 náírà. Ó ní iṣẹ́ Olúwa ni, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà á ní 80,000. Ó fi 20,000 ránṣẹ́, ó ní tí mo bá ti parí, ìyókù á wọlé lójú ẹsẹ̀.

Mo kọ ọ́, mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mọ́mì ní ó dùn, ṣùgbọ́n kí n bá òun dárúkọ ìyá òun nínú rẹ̀. Mo fi í sí i. Ó ní ìyá ọkọ òun á bínú, kí n fi ti ìyá ọkọ náà sí i. Mo fi í sí i. Ó ní ó ti wá gùn jù, kí n yọ àwọn méjèèjì. Ó ní kí n yọ ibi tí mo ti pe Olúwa ní Arúgbó Ọjọ́, pé àwọn ọ̀dọ́ ò ní í lè jó sí i. Tí ọkàn rẹ̀ bá sọ nǹkan sí i ní aago méjì òru, á fi voice note ránṣẹ́, voice note gígùn gbọọrọ tí yóò kọ́kọ́ fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Dátà tèmi ni mò ń fi gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí dátà dà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí wọ́n ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti gbówó lé e. Iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní May 2023 ni mò ń rà láti gba ohùn sílẹ̀ fún un lọ́tun lọ́tun. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn kún 80,000 mi.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo àtúnṣe yẹn ni ti ègbè. Mo kọ ọ́ báyìí pé: “Ìgbà mi dé o, ìgbà mi ti dé.” Mo fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin náà, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “ìgbà” ní lẹ́nu wa. Ẹni tó ń ṣe bíìtì ní ó wúwo jù, kí ègbè gbéra sókè. Ó sì gbé e sókè lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi, gbogbo elégbè ń pariwo pé, “Igbá mi dé o, igbá mi ti dé.” Mo pè é. Mo ní, bọ̀dá, igbá lẹ ní kí wọ́n máa kọ yìí o, ìgbà ni mo kọ sílẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i, pé bíìtì ni èèyàn ń jó sí. Mo pe Mọ́mì. Mọ́mì ní kí n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run mọ ohun tí òun ní lọ́kàn.

Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń gbọ́ orin ńkọ́? Yorùbá là ń kọ! Tí orin bá gba ọ̀nà tiẹ̀ tí ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tiẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí ìyá àgbà tó jókòó síwájú rédíò gbọ́? Mi ò lè fi orúkọ mi sábẹ́ irú ẹ̀ (bí mo ṣe rò pé orúkọ mi máa wà níbẹ̀ nígbà náà). Mo padà jókòó tì í. Mo wá ọ̀rọ̀ tó máa gbé ohùn òkè tí wọ́n fẹ́, tí kò ní í ba ìtumọ̀ jẹ́, tí kò sì ní í fi kún gígùn ìlà. Ilẹ̀ mọ́ mi sórí ẹ̀. Mo yọ “ìgbà”, mo fi “ọjọ́” sí i: “Ọjọ́ mi dé o, ọjọ́ mi ti dé.” Ó bọ́ sí i pátápátá, kò sí ohun tí ẹni tó ń ṣe bíìtì ní láti yí padà. Ó ní, “Ẹ ò rí i, kò le.” Kò le! Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni owó wa wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé kí a kàn bá àwọn to nǹkan pọ̀.

Ó wá di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Wọn ò pè mí o. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ni, mo sì lọ nítorí pé mánéjà ní ibẹ̀ ni Mọ́mì á ti fún mi ní ìyókù owó. Gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, níbí ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Alága ìfilọ́lẹ̀ ra àwo kan ní 500,000. Ẹni tó tẹ̀lé e ra tiẹ̀ ní 200,000. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ onígángan níwájú orí, ọmọ kan ń ṣa á sínú ọ̀rá. Mi ò bínú onílù. Ó ṣiṣẹ́, ó gbowó rẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láyé àwọn bàbá wa, ta ló ń jẹ́ kí asunrárà kúrò lójúde òun lọ́wọ́ òfo? Ẹni tó bá kì ọ́ tí orí rẹ wú, wàá na ọwọ́ sí i kó tó kọjá. Ìgbà wo ló wá di pé ẹni tó hun ọ̀rọ̀ ni kò ní í jẹ nǹkan kan?

Mọ́mì gba máìkì, ó kọ orin náà, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Mo rí àwọn ìyá tí mi ò mọ̀ rí tí wọ́n ń nu omi lójú nígbà tí ó dé ibi ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn ẹsẹ̀ tí mo fi àdúrà tí ìyá mi máa ń gbà fún mi láàárọ̀ kọ. Inú mi dùn, irọ́ kò sí níbẹ̀, mo gbàgbé gbèsè. Mọ́mì wá ní kí wọ́n rọra lùlù. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n jẹ́rìí o. Orí òkè ni mo wà ní ààjìn òru, mò ń gbààwẹ̀, ni Ẹ̀mí Mímọ́ bá fi orin yìí sí mi létí, látòkè délẹ̀.” Wọ́n ké halelúyà, wọ́n ń fọ́n owó lé e.

Látòkè délẹ̀! Ta ló gbọ́ voice note aago méjì òru? Ta ló yọ ìyá ọkọ kúrò nínú ẹsẹ̀ kìíní? Mi ò fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Mo gbà pé Òun ló ń fúnni lórin, èmi náà máa ń gbàdúrà kí n tó mú bíró. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ni ló mọ ẹni tí Òun fún, èmi ló sì fún. Kí wọ́n yé fi orúkọ Rẹ̀ jẹ owó iṣẹ́ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Mo tún un sọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì sí ohun orin tó lè bò ó.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, Mọ́mì, ẹ kú oríire, ẹ jọ̀ọ́ mà, nípa ìyókù yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, “Ọmọ mi, ibùkún rẹ ń bọ̀. O ò mọ iye tí mo ná sórí ètò yìí? Àwọn tó se oúnjẹ gan-an, wọ́n gba gbogbo owó wọn lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dáná.” Ó gbàdúrà fún mi, ó wá ní kí wọ́n bá òun fún mi ní nǹkan ìrántí. Ike. Ike róbótó tí àwòrán rẹ̀ wà lára ìdérí rẹ̀. 60,000 mi ló di ike.

Kì í sì í ṣe Mọ́mì nìkan. Ọkọ ìyàwó á pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fẹ́ orin tí ìyàwó máa jó wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fẹ́ oríkì ìdílé méjèèjì nínú ẹ̀, kò sì mọ oríkì ìdílé tiẹ̀. Èmi ni màá pe bàbá rẹ̀, èmi ni màá tún bá bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹni tó ń ya fídíò ti gbowó kó tó tan kámẹ́rà. Nígbà ìbò 2023, mo kọ orin ìpolongo fún olóṣèlú kan, wọ́n fi jó káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Ó wọlé. Látìgbà tó ti wọlé, ìpè mi ò wọlé sórí fóònù rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti tún ń pè mí báyìí nítorí 2027.

Àwọn tó tún wá burú jù ni àwọn tó ń sọ pé ChatGPT á kọ ọ́ fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa, kó kọ ọ́. Wọ́n á gbé ohun tó kọ wá sọ́dọ̀ mi, òwe tí bàbá ẹnikẹ́ni ò pa rí, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é kọ lórin, wọ́n á ní kí n kàn bá àwọn fọwọ́ kàn án díẹ̀, pé 5,000 ló wà lọ́wọ́. Títún irú ẹ̀ ṣe le ju kíkọ òmíràn lọ.

Mo sọ fún mánéjà pé, ó kéré tán, kí wọ́n kọ orúkọ mi. Ó ní ẹni tó bá sanwó ló ni orin. Irọ́ ni! Àkọ́kọ́, wọn ò tíì sanwó. Èkejì, òfin ẹ̀tọ́ àdáàkọ ti 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní March 2023 sọ pé ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ ló ni ín, kódà bó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un ṣe, àfi tí ìwé bá wà láàárín wọn tó sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ ọ̀hún wà títí ẹni náà á fi kú, ó tún wà fún àwọn ọmọ rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ẹ̀. Ìwé wo ni èmi àti Mọ́mì kọ? Kò sí. Tèmi ni. Àmọ́ ta ni màá gbé e lọ bá? Lọ́yà tí mo bi léèrè sọ pé owó lẹ́tà kan ṣoṣo ju gbèsè tí mò ń gbà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa bá wa gbowó ńkọ́? A ṣáà wà níbẹ̀ nígbà tí ìjọba fún ọ̀kan nínú wọn, MCSN, láṣẹ láti máa gbowó orin ní 2017, tí wọ́n dá àṣẹ èkejì, COSON, dúró ní 2018, tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Kí wọ́n tiẹ̀ wá ṣètò ara wọn tán lónìí, orúkọ tó bá wà lára orin ni wọ́n á fi pín owó. Ìdí tí mo fi ń pariwo orúkọ nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní gbajúmọ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ lónìí, wọ́n ti gba ti àwọn ọmọ rẹ̀ náà lọ.

Ó tó gẹ́ẹ́! Kí ẹni tó ni gbọ̀ngàn má ṣílẹ̀kùn fún olórin kankan tí kò bá mú rìsíìtì ẹni tó kọ orin dání. Kí rédíò má lu orin tí wọn ò bá mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n á ṣe ṣe é, mi ò mọ̀, kí wọ́n ṣáà ṣe é.

Mọ́mì, ó dá mi lójú pé wọ́n á kà á fún yín. 60,000 ló kù. Àkáǹtì mi wà lórí WhatsApp yín. Ẹ fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sì kọ orúkọ mi síbẹ̀.