Ẹ má fi ìjọ yín sílẹ̀ nítorí lẹ́tà ìkésíni láti Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ń kọ̀wé sí mi pé ìjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti pè yín, tí ẹ sì ń béèrè bóyá ó ti tó àkókò láti kọ̀wé fi ipò yín sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ ọ́. Èmi kọ tèmi. Ọdún kan ààbọ̀ ló gbà mí kí n tó lè gbé orí sókè.

Ìjọ tó pè mí jẹ́ ìjọ tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń sìn pọ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kí n wá fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Alàgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣáà máa bọ̀. Tí ẹ bá ti dé, a ó bá yín yí físà yẹn padà níbí." Mo gbà á gbọ́. Ìjọ tí mo ti ń bójú tó fún ọdún mọ́kànlá, mo fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi àti ìyàwó mi ta mọ́tò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà pé ni wọ́n tó lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní kò ṣeé ṣe rárá: ẹni tó bá fi físà àlejò wọ Ìlú Ọba kò lè yí i sí físà iṣẹ́ níbẹ̀, àfi kó padà sílé lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìjọ ọ̀hún pàápàá kò ní láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ wọlé láti òkè òkun. Alàgbà yẹn kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún mi, òun náà kò mọ̀. Mo padà sílé, kò sí ìjọ, kò sí mọ́tò.

Ohun tí òfin sọ kò ṣòro láti yé ni. Pásítọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nílé lè fi físà àlejò wá wàásù, kó bẹ aláìsàn wò, kó gbàdúrà pẹ̀lú ìjọ, ó pẹ́ jù, oṣù mẹ́fà. Ibi tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ni "tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nílé" yẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ gba ipò níbí, ẹ kò sì gbọdọ̀ gba owó oṣù. Owó ọkọ̀, ilé àti oúnjẹ, wọ́n lè bá yín gbé e. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, ẹnìkan á bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì rí i pé àpòòwé ti kù sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí owó iléèwé àwọn ọmọ ń dúró nílé. Ẹ dá a padà, ẹ ní kí wọ́n fi sínú ọrẹ ìjọ.

Ohun kan tún wà tó ń wúwo lọ́kàn mi títí dòní. Nígbà tí mo ń kún fọ́ọ̀mù físà àlejò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni olùṣọ́àgùntàn ìjọ mi nílé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti fi ìjọ náà sílẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú sún yín débẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dúró, físà Minister of Religion, ti àwọn òjíṣẹ́ ẹ̀sìn, ni ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí mo padà fi wá lẹ́yìn náà. Ìjọ tó pè yín gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, kó sì fún yín ní Certificate of Sponsorship, ìyẹn ẹ̀rí pé ìjọ náà ló fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Ẹ ó fi hàn pé ẹ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele B2, ìyẹn ìpele ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa. Pọ́n-ùn 1,270 gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì yín fún ọjọ́ 28 ó kéré tán, àfi tí ìjọ bá ṣe onídùúró yín lórí ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni owó ìlera tí ìjọba ń gbà ṣáájú: pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, 776 fún ọmọdé, bó ṣe wà nígbà tí mò ń kọ èyí. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ méjì, ọdún mẹ́ta: pọ́n-ùn 10,866 nìyẹn, a ò tíì san owó físà, a ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san án, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà sínú ìwé.

Físà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Religious Worker, ti ọdún méjì. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, kò sí fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wàásù àti láti darí ìjọ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ó fi ìyẹn mú yín wá ṣe pásítọ̀, ẹ mọ̀ pé kò mọ òfin, tàbí ó mọ̀ ọ́n tó fẹ́ fi yín ṣe ìjẹ. Ní ti àwọn tó ń ta Certificate of Sponsorship fún pásítọ̀, ẹ sá fún wọn. Bí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọ tó mú yín wá, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti wá ibòmíràn tàbí kí ẹ kó ẹrù, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé.

Ìwé kọ́ ló mú mi sunkún jù ṣá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo rí àwọn ará Jamaica, Gánà, Philippines, Kerala ní Íńdíà, Poland, àti Iran, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà Gẹ̀ẹ́sì méjì tó ti wà níbẹ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan pe orúkọ mi gan-an, kò fi pásítọ̀ kún un. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àfìgbà tí mo gbọ́ bó ṣe ń pe bàbá bàbá rẹ̀. Mo ti múra ìwàásù wákàtí kan sílẹ̀, wọ́n ní ìṣẹ́jú 25 ni tèmi, nítorí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ni, àwọn mìíràn ń wọlé ní aago kan. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ẹ̀mí ti kú ní ìjọ yìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, arákùnrin tó ń túmọ̀ sí èdè Páṣíà fún àwọn ará Iran ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wá bá mi. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ó ní láti ìgbà tí mo ti dé, òun kò tíì lè túmọ̀ ìdajì ìwàásù kan rí, torí mo ń sáré, mo ń pariwo, mo ń ti orí ìtàn kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní, "Ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò." Àwọn èèyàn tó ti sá kúrò nílùú wọn nítorí ìgbàgbọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìwàásù mi sílẹ̀, tí mo sì ń fi ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì. Ó kúrú sí i, ó sì yé èmi náà sí i.

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Arábìnrin kan sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé òun ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo pe orúkọ rẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i. Bí mo ṣe ti máa ń ṣe é láti ọdún yìí wá nìyẹn, ìfẹ́ ni mo sì fi ṣe é. Kò tíì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í. Ó dìde nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn jáde. Èmi àti pásítọ̀ àgbà ìjọ náà lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹnu ọ̀nà ló ti gba ẹ̀bẹ̀ wa, kò sì padà sí ìjọ náà mọ́. Òfin Ìlú Ọba dáàbò bo ọ̀rọ̀ àìsàn ènìyàn lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, èmi ni mo tú àṣírí ìyá fún ọmọ.

Àṣìṣe mi kejì ló lágbára jù. Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà ń tọ̀ sílé lálaalẹ́, ó ń rù, kì í sùn dáadáa. Mo ní kó mú un wá sí yàrá ẹ̀yìn fún àdúrà ìtúsílẹ̀, kí ìyá àti ọmọ sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tí ìjọ yàn láti máa ṣọ́ ààbò àwọn ọmọdé ló wọlé kí n tó la ẹnu. Ó dá ohun gbogbo dúró. Inú bí mi, torí mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ìtàn Victoria Climbié fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast ni Victoria. Wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ìbátan kan pé kó wá kàwé, ìyà tí ìbátan náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé fi jẹ ẹ́ ló pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2000. Ọgbẹ́ 128 ni dókítà kà lára òkú rẹ̀. Wọ́n ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kú, nítorí ó ń tọ̀ sára, wọ́n sì ní ẹ̀mí èṣù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ikú rẹ̀ ló fa ìwádìí ńlá tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2003, òfin ọmọdé ti 2004 sì tẹ̀lé e. Nígbà tó sọ ọ́ tán, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá náà gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì. Àtọ̀gbẹ ni. Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ tí kò tíì gba ìtọ́jú ni mo fẹ́ kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ṣì ń gbàdúrà fún àwọn ọmọdé, ìyẹn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ lórí ààbò ọmọdé, ẹ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá yín wò, kì í ṣe àbùkù. Ẹ tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá dání láti ilé.

Àwọn tó ń wá ibi ìsádi yóò tún wá bá yín, wọ́n á ní kí ẹ tẹ àwọn bọmi, kí ẹ sì kọ lẹ́tà pé onígbàgbọ́ ni àwọn, èyí tí àwọn yóò gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má jẹ́rìí ìgbàgbọ́ rẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ fà á lé àwọn olórí ìjọ tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lọ́wọ́.

 

Ní báyìí, kí ẹ tó fèsì lẹ́tà yẹn, ẹ lọ sórí gov.uk, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, ìjọba kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ní láísẹ́ǹsì síbẹ̀, torí náà ẹ wò ó bóyá ìjọ náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ England tàbí Wales ni, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, níbi tí owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ wà ní gbangba. Ìjọ tí owó ọdún rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà ẹ̀yin àti ìdílé yín, kí ló fẹ́ fi san án? Bó bá sì jẹ́ àbẹ̀wò oṣù mẹ́fà ni, ẹ ní kí ìjọ yín nílé fún yín ní ìwé ìsinmi, kí ọjọ́ tí ẹ ó padà sẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó fún yín láyè ìsinmi náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání wọ bàálù.