Ẹ ò tíì gbọ́ ọ, ẹ ti ní ọ̀gá ni

Ẹni tó bá máa bínú sí mi lónìí, kó yáa tètè bínú. Ẹnì kan tún ti béèrè ìbéèrè yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o: "Ọdún 6 rèé tí mo ti ń ta jìtá béèsì. Mo mọ slap (kéèyàn máa fi àtàǹpàkò gbá okùn), mo mọ gbogbo scale (ohùn tó tò tẹ̀ léra), ìka mi yá bí iná. Ṣé ẹ lè pè mí ní ọ̀gá báyìí?" Kí n tó kà á tán, àwọn èèyàn ti ń rọ́ wọlé láti kí i kú oríire. "Ọ̀gá pátápátá!" "Kí ló tún kù?" Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ kó ta ẹyọ ohùn kan rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ká máa fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣírí. Ó dáa, ẹ ṣe é. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Ó ń dùn mí ni, torí ohun tójú èmi gan-an rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀.

Mo ti fi ọdún 9 ta béèsì nígbà tí ẹgbẹ́ olórin kan ń wá ẹni tó máa bá wọn ta á. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ọ̀gá. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa igi síwájú ọ̀gá. Ṣebí mo ti fi odidi oṣù 3 jókòó ti bí Jaco Pastorius, gbajúgbajà atabéèsì ará Amẹ́ríkà, ṣe ń fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ tí harmonics, ìyẹn ohùn tín-ín-rín tó ga, fi ń dún bí agogo? Ṣebí ọwọ́ òsì mi ń sáré láti fret 1 (àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá) dé fret 20 kí o tó ṣẹ́jú?

Orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ níbi ìdánrawò, orin jẹ́jẹ́ ni. Ohùn 4 péré ló kan béèsì, òun náà ni wàá máa tún ta títí orin á fi tán. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Èyí náà ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́! Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi kún un.

Nígbà tá a parí, onílù wa, ẹ̀gbọ́n kan tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣí ohun tá a gbà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n pa ohùn olórin, wọ́n pa dùùrù, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ tó fi ku ìlù ẹsẹ̀ wọn àti béèsì mi. Wọ́n bọ́ headphone fún mi. "Àbúrò, gbé e sétí."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá ti bọ́ sílẹ̀, èmi ti ṣáájú débẹ̀. Bíńtín ni o, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, bí ẹni méjì tó ń kan ilẹ̀kùn kan náà tí wọn ò bára wọn wá: gbà-gbà, gbà-gbà. Nígbà tí ọwọ́ mi wà lórí okùn D, okùn E tó nípọn jù ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ, torí mi ò fi àtàǹpàkò pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ kí olórin lè mí, ibẹ̀ gan-an ni mo lọ kó ìranù sí. Ẹ̀gbọ́n ò bú mi. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. "Ó dáa. Jẹ́ ká tún un ṣe." Ó tán. Wọn ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn.

Mo délé, mo gbé metronome, ẹ̀rọ tó ń lù kí olórin lè máa bá a rìn, sí 40, ìyẹn lílù 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 40, ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ ló wà láàárín lílù kan sí èkejì. Ẹ lọ dúró sínú àlàfo yẹn kí ẹ rí i. Èmi tí mò ń ta 180 láìlàágùn, mo já bọ́ kí n tó dé bar (ìpín orin) kẹjọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò ara yín lórí fóònù tí ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́: okùn E tí a ò fọwọ́ tẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré inú fóònù ò lè gbé ìyẹn jáde. Orí ohùn náà lẹ̀ ń gbọ́, ẹ ò gbọ́ ìdí ẹ̀ rárá. Ẹ fi headphone gbọ́ ọ, kó wá ku ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín.

Ti ìka tó ń yá bí iná ńkọ́? James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta okùn, ìyẹn ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ká ní ó kọ ìyẹn sínú ìbéèrè lónìí ni, wọn á ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìka kejì.

Ẹ̀gbọ́n onílù yẹn ṣì máa ń pè mí síṣẹ́ títí dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ibo ni mo bá a dé báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má pẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Àbí wọn ò rí ẹlòmíì pè ni? Ohun tá a gbà sílẹ̀ ní Sátidé náà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ó dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ pé mo tún ti ń sáré níbi ègbè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá jọ pé ẹ̀gbọ́n gan-an ló fà sẹ́yìn.

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n bá mi yọ ìlù ẹsẹ̀ àti béèsì nìkan ránṣẹ́. Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán láti àná. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.